Àdéhùn Kan Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Sọ Gbogbo Wa Di Onígbèsè

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni. Ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, gbogbo ìjọba tó bá jẹ ní Nàìjíríà ló máa ń pe àwọn olókòwò ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpè nìkan kì í mú olókòwò gidi dúró sí ìlú. Òdodo ló ń mú un dúró.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ P&ID. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì bá ilé iṣẹ́ yìí ṣe àdéhùn ogún ọdún. Ìjọba yóò máa pèsè gáàsì, P&ID yóò sì kọ́ ilé iṣẹ́ sí Calabar tí yóò máa ṣe é kó lè wúlò fún iná mànàmáná. Gáàsì kò dé, ilé iṣẹ́ náà kò sì dìde. Síbẹ̀, P&ID pe ìjọba lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ní London. Ní 2017, wọ́n ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé gorí rẹ̀ títí ó fi tó bílíọ̀nù 11.

Ní oṣù kẹwàá 2023, ilé ẹjọ́ gíga ní London já ìdájọ́ náà nù. Adájọ́ rí i pé P&ID fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, pé wọ́n parọ́ níwájú ìgbìmọ̀, àti pé ìwé àṣírí ìjọba wà lọ́wọ́ wọn.

A dúpẹ́ pé a bọ́. Ṣùgbọ́n ká ní a ò bọ́, ta ni ìbá san owó yẹn? Ẹni tó gba ẹ̀yìn kọ́. Aláboyún tó ń wá oògùn ni, àti ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì.

Áyà tó gùn jù nínú Alukuraani, ìyẹn áyà 282 nínú Suuratul Baqara, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé: kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ànábì wa náà sì bínú sí ẹni tó rán lọ gba sàká, tó dé tó ní apá kan jẹ́ ẹ̀bùn tòun. Ó bi í pé ká ní ilé òbí rẹ̀ ló jókòó sí, ṣé ẹ̀bùn yẹn ìbá wá bá a?

Àwọn kan á ní, “Ààfáà, bí a ò bá fún wọn ní nǹkan, fáìlì ò ní rìn.” Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní bí wọ́n bá fi ipá gbowó lọ́wọ́ ẹni kó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọrùn ẹni tó gbà á ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó san án kó lè gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ní àwíjàre. Láti 2017 ni àṣẹ ìjọba àpapọ̀ sì ti wà pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kọ owó tí wọ́n ń gbà, ìwé tí wọ́n ń béèrè àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà síta fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹ tó mówó jáde, ẹ béèrè fún un.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba tó sì ti ń kọ́ ilé aláràbarà, ẹ má kọ́kọ́ gbàdúà. Ẹ bi í níbi tó ti rówó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí ìwé lọ́la. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí Ọlọ́hun fi halaali rọ̀ wá lọ́rùn, kó sì má fi haraamu dán wa wò. Aamin.