Ìlú Péjú, Akẹ́kọ̀ọ́ Sàíkọ́lọ́jì Dà?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èrò á ti máa bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní Onípáànù. Àwọn kan ń wọ Town Planning Way lọ, àwọn kan ń gba Coker Road, àwọn mìíràn ń yà sí Industrial Avenue. Bí wọ́n ti ń wọlé ni àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń jáde, ojú wọn pọ́n, ẹsẹ̀ wọn wúwo. Ìlúpéjú nìyẹn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló ya àgbègbè náà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, orúkọ tó ń jẹ́ sì bá a mu. Ìlú péjú síbẹ̀ lóòótọ́. Yorùbá ń bẹ níbẹ̀, Íbò ń bẹ níbẹ̀, Haúsá ń bẹ níbẹ̀. Atẹ̀wé, awakọ̀, akọ̀wé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àti lébìrà ojúmọ́ jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Ẹni tó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ bí ojú ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ní òun ń kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, èyí tí wọ́n ń pè ní sàíkọ́lọ́jì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Láti Ìlúpéjú sí Yunifásítì Èkó ní Àkọkà kò ju wíwọ ọkọ̀ kan tàbí méjì lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà náà kò jìnnà. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí ń kó ọmọ jáde nínú ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì jókòó ti òṣìṣẹ́ kan rí kí wọ́n gbọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ka ìwé nípa ènìyàn, wọn kò sì rí ènìyàn. Ẹ̀kọ́ àbọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹnìkan sọ ọ́ síta pé àbọ̀ ni.

Ẹ yà sí Ládípọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá dé ló ti ń fọwọ́ kan irin. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń fọ nọ́ọ̀tì nínú epo ni, ṣùgbọ́n ó wà níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì, ó ń gbọ́, ó ń wò. Kí ó tó gba òmìnira, yóò ti lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Kò sí ọ̀gá tó jẹ́ sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó lọ fi ọdún mẹ́rin kàwé nípa mọ́tò kó tó wá rí mọ́tò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ṣe fún irin ni àwa ń ṣe fún ọkàn ènìyàn.

Àwọn kan á ní ìwé ló yẹ kó ṣáájú, pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò ní rí nǹkan kan bó tilẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ ogún. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ìwé náà léèrè ibi tó ti wá. Ọdún 1879 ni Wilhelm Wundt dá ibi ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig ní Jámánì, níbi tó ti ń dán ohun tí ojú ń rí àti ohun tí etí ń gbọ́ wò lára ènìyàn gidi. Láti ọdún 1924, inú ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Hawthorne, lẹ́bàá Chicago, ni àwọn olùwádìí wà tí wọ́n ń tan iná sí i, tí wọ́n ń dín in kù, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 20,000 lẹ́nu wò. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé lẹ́yìn ti bu ẹnu àtẹ́ lu púpọ̀ nínú àbájáde iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jiyàn nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Kò sì di dandan kí a rìn dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1954 ni Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sọ Arò, ní Abẹ́òkúta, di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Oníṣègùn ọpọlọ ni, ó kàwé dé Birmingham, ṣùgbọ́n kò ti aláìsàn mọ́lé nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì jẹ́ kí àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ bá a dá sí i. Nígbà tí òun àti àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà fẹ́ mọ bí àìsàn ọkàn ti rí láàrin àwọn Yorùbá, abúlé ni wọ́n gbà lọ. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1963 ti inú abúlé wọ̀nyẹn wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò lè ròyìn rẹ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pàdánù gan-an kì í ṣe ìwé ẹ̀rí, èdè ni. Ẹ wo àwọn ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wádìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Òyìnbó ló kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, fún òyìnbó, ní èdè òyìnbó. Akẹ́kọ̀ọ́ á há gbogbo rẹ̀ sórí, á sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń di ọjà sínú páálí láti alẹ́ títí di òwúrọ̀ kò ní sọ pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Á ní, “Orí mi ń gbóná.” Ó lè ní, “Àyà mi ń já,” tàbí, “Nǹkan ń rìn mí lára.” Ó sì lè mí kanlẹ̀ kó ní, “Ó ti sú mi.” Ta ni yóò mọ̀ bóyá ibà ni, bóyá àìsùn ni, bóyá owó ilé ìwé ọmọ ni, tàbí pé ọkàn náà ti ń wó lulẹ̀?

Àwọn tó fara balẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́ di ìmọ̀. Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ yìí ṣe ń sọ pé ìwé ti mú ọpọlọ àwọn rẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Peter Ebigbo ní Enugu kó orí gbígbóná àti nǹkan tó ń rìn lára jọ sínú ìwé ìbéèrè tirẹ̀ ní ọdún 1982, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibí ṣe ń sọ ìrora ọkàn. Bí òṣìṣẹ́ náà bá dé iwájú ọ̀gá, “Kò sí wàhálà, sà” ló máa wí. Ìdí abọ́ ìrẹsì lẹ́yìn géètì ló ti ń sọ òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá jókòó níbẹ̀ rí, ìwé rẹ̀ yóò kún, etí rẹ̀ yóò sì di.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé iṣẹ́ kò sí fún irú etí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sọ ní ọdún 2022 pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ń jẹ bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Nílé níbí, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, kò fi mọ sí ọwọ́ tó gé tàbí ẹsẹ̀ tó kán. Ó dárúkọ ìdààmú ọkàn tó ti ibi iṣẹ́ wá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti fi rọ́pò èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Òfin ti ṣílẹ̀kùn. Ta ni yóò gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé bí kò bá sí ẹni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ti ń rìn nínú ilé-iṣẹ́?

Ẹ̀bi kìíní wà lọ́rùn àwọn ọlọ́jà ìmọ̀, ìyẹn àwọn yunifásítì. Ìwé ìfinihàn tó ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ètò. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní ìwé pé kó lọ wá ibi tó máa ti kọ́ṣẹ́, tí olùkọ́ kankan kò bẹ ibẹ̀ wò, tí ẹnikẹ́ni kò ka ohun tó kọ bọ̀, wọ́n kàn lé e jáde fún oṣù díẹ̀ ni. Aburú tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọmọ ẹni tó mọ ọ̀gá ni yóò wọlé. Ọmọ aláta ní Múṣin yóò dúró lẹ́nu géètì títí oòrùn fi máa wọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jáde, wọ́n á ní ọ̀kan ní ìrírí, èkejì kò ní. Bàbá ni wọ́n fi dá wọn yàtọ̀, kì í ṣe ọpọlọ.

Ẹ̀bi kejì ti àwọn onílé-iṣẹ́ ni. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti dá àjọ ITF sílẹ̀, òfin sì ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá tó ìwọ̀n kan máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí wọ́n ń san lọ́dún sínú àpò rẹ̀ fún ìkọ́ṣẹ́. Ètò SIWES tẹ̀ lé e ní ọdún 1973, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fojú sùn jù lọ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì kò mọ̀ ọ́n ju orúkọ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń dáwó tẹ́lẹ̀ kò yẹ kó máa ṣe bí ẹni tí wọ́n ń tọrọ báárà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ kí àṣírí àwọn jáde. Kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Wọ́n á ní kò mọ nǹkan kan. Kí wọ́n fi sábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n sì fún un lówó ọkọ̀ ó kéré tán, nítorí fífi ọmọ ọlọ́mọ ra búrẹ́dì àti ṣe fọ́tókópì fún oṣù mẹ́ta kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́.

Ẹ̀bi kẹta wà nílé. Òbí tó bá gbọ́ sàíkọ́lọ́jì, “Yábà Left” ló máa ń sọ sí i lọ́kàn: “Ṣé wèrè lo fẹ́ lọ máa bá gbé ni?” Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ náà á ní òun ń dúró de NYSC, bí ẹni pé ìjọba jẹ ẹnikẹ́ni ní ìrírí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ọdún 2022 títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni ìyanṣẹ́lódì ASUU fi ti àwọn yunifásítì pa. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti ní ètò lọ́wọ́ mọ ohun tó lè fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò ní, oorun ló ń sùn.

Ètò náà kò le. Ọdún kìíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba iṣẹ́ ìsinmi tó bá rí, ìbáà ṣe dídi páálí, kó sì máa kọ ohun tó ń rí sínú ìwé. Ọdún kejì, kó mọ ìṣirò tí wọ́n fi ń tú èsì ìwádìí dunjú, kó bá olùkọ́ rẹ̀ pín ìwé ìbéèrè káàkiri, kó sì gbìyànjú láti sọ ọ́ ní èdè tí òṣìṣẹ́ ń sọ. Ọdún kẹta, kó yan ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ló fẹ́, kó wá àwọn CIPM lọ ní Alausa, kó béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe láàrin wọn. Bó bá jẹ́ ti aláìsàn, kó mọ̀ láti ìgbà náà pé oyè àkọ́kọ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di onítọ̀ọ́jú. Oyè kejì ń bẹ níwájú, máàkì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀. Ọdún kẹrin, kí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí ìṣòro tó rí fúnra rẹ̀, bí ìjàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ lóru, kó má ṣe daálẹ̀ àkòrí tí àwọn tó ṣáájú ti lò gbó.

Ààlà sì gbọ́dọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe dókítà, kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé àìsàn báyìí ló ń ṣe é. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dé etí ọ̀gá. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fura pé amí ni, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, ìlẹ̀kùn ti tì mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń darí ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì ní àwọn yunifásítì Èkó gbé ìwé, kí wọ́n lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ Ìlúpéjú, Ìkẹjà àti Agége jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí iye ọmọ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà lọ́dún àti ẹni tí yóò máa bójú tó wọn. Kí ITF náà ṣílẹ̀kùn SIWES gbayawu fún wọn. Kò gba ilẹ̀ tuntun, kò gba ilé tuntun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá tún jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde láìmọ ènìyàn, kí a má ṣe bi wọ́n léèrè lọ́la pé kí ni wọ́n kọ́.