Sírìkì Ti Tú Ẹ̀wọ̀n Lẹ́sẹ̀ Erin: Ta Ló Fẹ́ Fi De Gẹ̀lẹ̀dẹ́?

Àwọn kan wà láàárín àwọn ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́, pàápàá láàárín àwọn tó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń wí nínú ìpàdé pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò kú bí kò bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ sírìkì. Sírìkì tí wọ́n ń wí ni eré abẹ́ àgọ́ ńlá tí àwọn Faransé ń pè ní cirque, eré àwọn tó ń takìtì, àwọn tó ń rìn lórí okùn àti àwọn apanilẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí wọn ni pé ó ti lé ní 250 ọdún tí sírìkì ti wà, pé ó ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé àwọn ènìyàn ṣì ń sanwó láti wò ó. Nítorí náà, wọ́n ní kí a gé òru Ẹ̀fẹ̀ kù sí ogún ìṣẹ́jú, kí a tan iná aláràbarà sí i, kí a gbé àga ọba sórí pèpéle níbi tí àwọn àlejò yóò ti lè ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa, kí a sì máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Òtítọ́ ni pé sírìkì yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi í ṣe àpẹẹrẹ kò wo ibi tí ó kọjú sí nígbà tí ó ń yí padà. Ibi tí sírìkì ti ń sá jáde ni wọ́n ń fa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọ̀.

Ní ọdún 1768, Philip Astley, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tó ti fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹṣin dárà fún àwọn ará London. Ó rí i pé bí ẹṣin bá ń sáré yí po lójú kan, eré yíyí po náà fúnra rẹ̀ ń ran ẹni tó dúró lórí ẹ̀yìn ẹṣin lọ́wọ́ kí ó má ṣubú. Agbo tó fẹ̀ tó mítà 13 ni ó wá bá iṣẹ́ náà mu, mítà 13 yìí náà sì ni agbo sírìkì títí di òní. Kò pẹ́ tí Astley fi kó àwọn tó ń takìtì, àwọn tó ń rìn lórí okùn àti apanilẹ́rìn-ín mọ́ ẹṣin, kí ó má baà sú àwọn òǹwòran. Ní 1782 ó ṣí ilé eré sí Paris, ìdílé Franconi sì bá a bá iṣẹ́ náà lọ níbẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá nínú èyí. Níbikíbi tí ìlù bá ti dún tí ẹnìkan sì bọ́ síta, àwọn ènìyàn yóò ṣe agbo yí i ká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n fún wọn. Ohun tó ń fa ojú sínú agbo náà kò yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀: ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ọgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀, ní ìṣojú ẹni. Nígbà tí Jules Léotard kọ́kọ́ fò láti orí igi fífì kan bọ́ sórí òmíràn ní Paris ní 1859, nínú ilé tí a ń pè ní Cirque d'Hiver lónìí, kò sí ohun tó dì í mú lójú òfúrufú. Bí ọwọ́ bá ṣì, ó ti ṣì nìyẹn. Sinimá kò lè ṣe irú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe é, fóònù inú àpò kò sì lè ṣe é, nítorí ẹni tó ń wo ìwọ̀nyí mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán. Ilé eré yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1852, ṣì wà nídìí iṣẹ́.

Àwọn tó sì rò pé Òyìnbó ló gbé irú eré báyìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n ka ohun tí Òyìnbó fúnra rẹ̀ kọ. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin sì mú kí wọ́n wo eré àwọn eégún. Àwọn eégún inú àpò ni wọ́n kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ń jó tí wọ́n sì ń takìtì láìyọ ojú. Lẹ́yìn wọn ni òjòlá kan yọ, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń ká, ó ń lanu bí ẹni pé yóò bu ènìyàn jẹ, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni òjòlá náà, ènìyàn ló sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn jù. Eégún kan bọ́ síta tó funfun bí ìda, ó gbẹ, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tiro rìn bí Òyìnbó tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ààfin fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn balẹ̀ fún ẹ̀rín. Clapperton, tó wá wòran, rí i pé òun gan-an ni ìran náà, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Eégún aláré ni ìwọ̀nyẹn, àwọn tí a tún ń pè ní onídán, agbégijó tàbí alárìnjó. Joel Adédèjì, onímọ̀ ìtàn eré, tọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn dé ààfin Ọ̀yọ́, ó sì fi hàn bí wọ́n ṣe ti ibẹ̀ máa rin ìlú kiri fún owó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó yẹn dúró ná, a óò padà sí i.

Ní ti sírìkì, ilé méjì ló wà lábẹ́ àgọ́ kan náà. Nínú ilé àkọ́kọ́ ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ti ń ṣeré. Nínú ilé kejì ni wọ́n ti ń fi ẹlòmíràn ṣe ìran. Àwọn tó ń yin sírìkì nínú ìpàdé kì í dárúkọ ilé kejì yìí, bẹ́ẹ̀ owó ibẹ̀ pọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Barnum, tí orúkọ rẹ̀ wà lára sírìkì tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1835 pẹ̀lú Joice Heth, ìyá arúgbó adúláwọ̀ kan tó jẹ́ ẹrú, tó fọ́jú, tó sì rọ lápá lẹ́sẹ̀. Ó ń gbé e kiri, ó ń parọ́ pé ó ti pé ẹni ọdún 161, pé òun ló tọ́ George Washington. Nígbà tí ìyá náà kú, Barnum tún gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá wo bí dókítà ṣe ń la òkú rẹ̀. Ní Jámánì, Carl Hagenbeck, oníṣòwò ẹranko, bẹ̀rẹ̀ láti 1874 sí í kó ènìyàn wá fún ìran gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kó kìnnìún. Ní 1893, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, wọ́n kọ́ abúlé kan tí wọ́n pè ní abúlé Dàhọ̀mì, níbi tí àwọn adúláwọ̀ ti ń jó ijó ogun fún àwọn tó sanwó. Frederick Douglass, àgbà tó ti ṣẹ́rú rí, wà níbẹ̀, ó sì fi ìbínú sọ pé nítorí kí ayé lè rí adúláwọ̀ bí ẹranko igbó ni wọ́n ṣe kó wọn wá. Ogun Faransé àti Béhanzin kò tíì parí lọ́dún náà. Àwọn ọmọ Kétu tí ogun Dàhọ̀mì kó lẹ́rú ní 1886 ń wá ọ̀nà padà sí ìlú tí wọ́n ti sun, tí ẹnubodè Àkàbà Ìdènà sì wà lára ìwọ̀nba ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀.

Àwọn oníjó Chicago yẹn mọ ijó. Èyí ni ó yẹ kí ènìyàn rò dáadáa. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́jó ló sọ wọ́n di ìran. Ẹlòmíràn ló ń yan wákàtí tí wọn yóò jó, ẹlòmíràn ló ń sọ ìtumọ̀ ijó náà fún àwọn òǹwòran, wọn kò sì lè fi orin bá ẹni tó ń wò wọ́n wí kí ó yé e.

Rafael Padilla rí ilé méjèèjì. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Kúbà, wọ́n tà á lọ sí Sípéènì ní kékeré, ó sì di apanilẹ́rìn-ín ńlá ní Paris lábẹ́ orúkọ Chocolat. Òun àti Foottit, Gẹ̀ẹ́sì kan, ni wọ́n jọ ń ṣeré, ìpín tirẹ̀ nínú eré náà sì ni kí wọ́n máa gbá a létí. Gbogbo Paris rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó wá fẹ́ kúrò nínú ìgbátí, tí ó fẹ́ ṣeré orí ìtàgé bí àwọn yòókù, wọn kò gbà fún un. Inú òṣì ló kú sí ní Bordeaux ní 1917.

Ilé kejì yìí ni sírìkì ti ń wó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni àwọn erin ṣeré kẹ́yìn nínú sírìkì Ringling ní Amẹ́ríkà. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò tà mọ́ bí ó ti yẹ, ilé iṣẹ́ náà sì ti ilẹ̀kùn ní 2017. Àwọn olólùfẹ́ erin ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2023 ó padà dé, kò mú ẹranko kankan wá, ènìyàn nìkan ni. Òfin tí ìjọba Faransé ṣe ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2021 ní kí sírìkì alárìnká má ṣe fi ẹranko igbó ṣeré mọ́ tí ó bá di 2028. Oṣù yẹn kan náà ni Faransé dá àwọn ohun ìṣúra 26 ti ààfin Àgbómẹ̀ padà sí Cotonou, lẹ́yìn ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú àpótí gíláàsì. Cirque du Soleil, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Québec ní 1984, kò gbára lé kìnnìún tàbí erin rí, ó sì di èyí tó tóbi jù lọ láyé. Ní 1985 ni ìjọba Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ sírìkì sílẹ̀ ní Châlons. Ní Guinea, Circus Baobab ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti 1998, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń ṣeré kárí ayé. Ohun tí gbogbo wọn jù nù ni ẹni tàbí ohun tí a ń fi ṣe ìran. Ohun tí wọ́n dì mú ni agbo, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú agbo.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe. Òwe àtijọ́ ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, àwọn onípèpéle sì fẹ́ràn láti máa fi òwe yìí polówó. Àmọ́ kí ni ojú náà rí? Ní òru, ní ojú ọjà, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á júbà àwọn ìyá, á sì fi ẹnu kan baálé tó fi ọmọ sílẹ̀ láìtọ́, olóyè tó jẹ owó ìlú, ọ̀rẹ́ tó da ọ̀rẹ́. Gbogbo ẹni tó jókòó mọ ẹni tí orin náà ń bá wí. Ẹni náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ mu, àwọn ará ìlú tó gbọ́ ìlù yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ṣì. Níbẹ̀ ni ewu Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, ewu náà kò kéré sí ti Léotard. Gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ sí àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì fún ogún ìṣẹ́jú, níwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè, tí kò jẹ́ ará ìlú, tí orin kò lè bá wí. Ère orí àti aṣọ nìkan ló kù, àti ọ̀kùnrin kan tó ń làágùn nínú rẹ̀ títí ẹni tó ń di ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ mú yóò fi ní ó tó. Kò sí ohun tí a lè pè é ju abúlé Chicago lọ. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wà lórí àkójọ àwọn ogún ayé láti 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, àmọ́ ìwé ẹ̀rí kò lè kọrin Ẹ̀fẹ̀.

Wọ́n á ní ebi ń pa àwọn oníjó, pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sí Cotonou àti Èkó. Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ owó ti yẹ kó padà wá. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ti yanjú rẹ̀. Wọn kò gé eégún àgbà kúrú fún àlejò. Wọ́n jẹ́ kí eégún tó ń ṣe ètùtù dúró sí ààyè tirẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí eégún aláré máa rìn, kí ó takìtì, kí ó di òjòlá, kí ó di Òyìnbó, kí ó sì gbowó. Kò sí ìtìjú nínú owó náà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ Kétu lọ́wọ́ lè dá irú ẹgbẹ́ onídán bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ó sanwó olùkọ́, kí ó ra aṣọ àti ìlù, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra wọn yan eré tí wọn yóò ṣe. Kí hòtẹ́ẹ̀lì pè wọ́n bí ó bá wù ú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi onílé hòtẹ́ẹ̀lì ṣe ẹlẹ́yà nínú eré, kí ó rẹ́rìn-ín bí Clapperton.

Ní ti ọba lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ṣíji bo ojú lára adé kò wà níbẹ̀ fún ẹwà nìkan. Ọba ló ń pe eré, ọba ló ń fún òṣèré lẹ́bùn, òṣèré ló sì ń wá kí ọba. Ìgbìmọ̀ tó bá gbé àga Alákétu sí ibi tí òǹwòran yóò ti máa yí i po ti fi onílé eré ṣe eré.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ tó bá tún ń pète láti gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde kúrò ní ojú ọjà, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyálásẹ̀. Kí ó sọ ibi tí ó ń gbé e lọ, wákàtí tí eré náà yóò gbà àti àwọn tí yóò wò ó. Bí ìyá bá ní rárá, kí ìgbìmọ̀ dìde, kí ó dúpẹ́, kí ó sì máa lọ sílé.