Ẹ Sé Èbúté Mọ́ Ẹyin Ẹyẹ Tí A Ń Sìn Fún Ìbọn

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ wo ni ó ṣẹ́ àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyà wo ni ó sì jẹ wọ́n, àwọn tí ń san owó tabua kí wọ́n lè dúró lójú kan, ìbọn lọ́wọ́, tí àwọn alágbàṣe ń fi igi lu igbó, kí ẹyẹ àfọwọ́sìn lè fò kọjá lórí wọn? Èmi kò ní pe èyí ní iṣẹ́ ọdẹ láé, ìbáà ti pẹ́ tó nílẹ̀ wọn.

Lọ́dọọdún, ẹyẹ yìí, tí wọ́n ń pè ní fẹ́sáǹtì, tí wọ́n ń tú sínú igbó ní Bìrìtéènì lé ní mílíọ̀nù 30, láìka àparò ẹlẹ́sẹ̀ pupa mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rà wọ́n sọdá omi, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ẹyin tàbí tí wọ́n jẹ́ òròmọ ọjọ́ kan. Ẹ wo ìyá tí ó yé ẹyin náà: inú àgò onírin ni ó ń gbé, wáyà ni ó ń tẹ̀, ẹyẹ tí ó sì jẹ́ pé òkè gan-an ni í fò sí bí ẹ̀rù bá bà á, orí ni yóò fi gbá òrùlé àgò, nígbà tí ìnira bá sì mú kí wọ́n máa ṣá ara wọn, àwọn tí ń sìn wọ́n a fi ike há wọn lẹ́nu, kí àgógó wọn má baà pàdé.

Òfin wọn ni ó tilẹ̀ bí mi nínú jù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹ náà bá wà nínú ọgbà, ohun ọ̀sìn ni, ó ní olówó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó di ẹyẹ ìgbẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn bí mọ́tò bá tẹ̀ ẹ́ pa tàbí bí ó bá ń ṣá alángbá àti kòkòrò igbó jẹ. Kí àkókò yíyìnbọn sì tó parí ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé, bí wọ́n bá tún mú èyí tí ó ṣẹ́kù kí ó lè yé ẹyin, ó padà di ohun ọ̀sìn.

Wọ́n ní àwọn ará oko ń rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2022, nígbà tí ọ̀fìnkìn ẹyẹ jà ní agbègbè Loire ní ilẹ̀ Faransé, tí ẹyin kò lè sọdá mọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà ni kò yìnbọn. Ta ni ebi pa ní Bìrìtéènì nítorí fẹ́sáǹtì? Ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe mí ni oníadìẹ tí ìjọba pàṣẹ fún nígbà òtútù, nítorí ọ̀fìnkìn ẹyẹ, pé kí ó ti adìẹ tirẹ̀ mọ́lé, nígbà tí àwọn ẹyẹ tí aládùúgbò rẹ̀ tú sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń jẹ̀ kiri lóde.

Ìwé àṣẹ àti àyẹ̀wò kò tó. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sé èbúté mọ́ ẹyin àti òròmọ wọ̀nyí pátápátá, kí ìgbà yíyé tí ń bọ̀ tó dé.