Àwọn Ẹ̀rọ Àtijọ́ Tí A Fi Ń Wọn Ìtànṣán

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀ràn kan wà tí àrọ́bá nìkan kò lè ròyìn délẹ̀, àfi bí ohun èlò tí a fi wọ̀n wọ́n bá wà láti jẹ́rìí. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀ràn ìtànṣán, èyíinì ni agbára tí ń jáde láti ara àwọn èròjà bíi radium àti uranium, tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn rẹ̀. Ní òkè òkun, àwọn ènìyàn wà tí ń ṣa àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí a fi ń wọn ìtànṣán jọ, bí àwọn mìíràn ti ń ṣa owó àtijọ́ jọ. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú, títí dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, kì í ṣe eré ọmọdé.

Kí ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí? Ní ọdún 1896 ni Henri Becquerel, ará Faransé, ṣàkíyèsí pé uranium ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó rọrùn jù lọ ni electroscope, tí ó ní ewé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú. Bí a bá fi agbára mànàmáná díẹ̀ sí i, ewé náà yóò nà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìtànṣán bá sún mọ́ ọn, yóò rọra wálẹ̀. Bí ó bá ti yára wálẹ̀ tó ni ìtànṣán náà ti pọ̀ tó. Ní ọdún 1928, Hans Geiger àti Walther Müller, àwọn ará Jámánì, ṣe ọ̀pá oníhò kan tí ó ní gáàsì nínú. Bí ìtànṣán bá ti gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ náà yóò dún pá. Bí ó bá ń dún léraléra bí òjò tí ń rọ̀ sórí páànù, kí olúwarẹ̀ ṣọ́ra.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn yìí jìnnà sí Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 1960, ìjọba Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Àlùjíríà. Láti aṣálẹ̀ náà ni ọyẹ́ ti ń ru eruku wá, tí ètè fi ń là, tí ara fi ń funfun. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn nítorí ohun tí eruku náà lè gbé wá. Ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí Faransé sì yin ẹ̀kẹta ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún kan náà, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé kúrò ní Èkó ní oṣù Kìíní, ọdún 1961. Ṣùgbọ́n ìbínú kò lè sọ iye ìtànṣán tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ ni ó lè sọ ọ́. Nítorí èyí ni a ṣe dá iṣẹ́ ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìtànṣán sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1964.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2021, eruku Sàhárà fẹ́ dé ilẹ̀ Faransé, a sì rí cesium-137, èròjà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ń fi sílẹ̀, nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé bọ́ǹbù Faransé ni ó padà wá bá onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irú eruku bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé ti bọ́ǹbù Amẹ́ríkà àti ti ìjọba Soviet ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àròsọ gba ọ̀nà kan lọ. Ìwọ̀n gba ọ̀nà mìíràn.

Àwọn kan yóò wí pé: Kí ni a fẹ́ fi irin tí ó ti dípẹtà ṣe, nígbà tí ẹ̀rọ tuntun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wà? Wọn kò jẹ̀bi tán, nítorí a kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ àtijọ́ tí a kò tíì yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun a máa sọ ìdáhùn, a sì máa fi ọ̀nà tí ó gbà rí i pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ewé wúrà bí ó ti ń wálẹ̀ yóò mọ ohun tí ìwọ̀n jẹ́. Abájọ tí a fi ya ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ní Oak Ridge, ní Amẹ́ríkà.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ: ewu ń bẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn ọkùnrin méjì yọ irin kan láti ara ẹ̀rọ ìwòsàn tí a pa tì, wọ́n sì tà á fún ẹni tí ń ra irin àlòkù. Cesium-137 ni ó wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun tí ń tàn yanran lóru. Ẹwà rẹ̀ wu àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń pín in fún ará àti ọ̀rẹ́. Nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, onímọ̀ físíìsì kan yá ẹ̀rọ tí a fi ń wá uranium nínú ilẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀rọ náà fò dé òpin tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé ó ti bàjẹ́, ó sì lọ gba òmíràn. Òmíràn náà wí bákan náà. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọmọdébìnrin kan sì wà nínú wọn. A yẹ nǹkan bí 112,000 ènìyàn wò. Àìmọ̀ ni ó pa wọ́n. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ó gba àwọn yòókù là.

Nítorí náà, ìtọ́jú ni ó yẹ, kì í ṣe ìdànù. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú yàrá ẹrù ilé-ìwé kan, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, kí a má ṣe tà á fún àwọn tí ń ra irin kiri. Kí ọmọ ilé-ìwé kankan má sì ṣe tú u tàbí gbé e lọ sílé, nítorí a fi radium kun ojú àwọn mìíràn. Kí olùkọ́ sọ fún àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀ràn ìtànṣán ní Nàìjíríà kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá léwu, kí a fi pamọ́ sí Yunifásítì sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní Òkìtìpupa, pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ọdún tí a rà á àti ohun tí a fi wọ̀n. Ẹ̀rọ tí kò ní ìwé dà bí ẹlẹ́rìí tí ó yadi.

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ nílò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà dúdú tí a ń pè ní bítúmẹ̀nì wà nínú ilẹ̀ ní Agbábù, a sì ti ń gbẹ́ kànga wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Gbígbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ lè gbé èròjà onítànṣán tí ó ti wà nísàlẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá sókè. Bí a bá wá ń wà á ní rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan, tí ará oko sì béèrè bóyá omi òun ṣì dára, kí ni a óò fi dá a lóhùn? Ẹni tí kò mọ iye tí ó wà tẹ́lẹ̀ kò lè mọ iye tí a fi kún un.