Ọ̀rọ̀ Kámẹ́rà Tí Wọ́n Ní Kí Ẹgbẹ́ Rà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ owó wa ni. Ní ìpàdé tó kọjá, àbá kan wáyé pé kí ẹgbẹ́ pa kámẹ́rà kékeré tí a ti ń lò láti 2012 tì, kí á tú àpò, kí á fi ra tuntun tó jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 24. Owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan náírà lọ, a ò sì tí ì ka báàgì àti lẹ́ǹsì kejì mọ́ ọn. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ìyálọ́jà wa ní kí oníkálùkù lọ rò ó, ká wá fẹnu kò sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àwa ti rò ó, èrò wa sì rèé: kí á má tí ì ra á. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bínú sí wa.

Àkọ́kọ́ ná, àwọn ọ̀dọ́ tó mú àbá yìí wá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Láyé àtijọ́, oníbàárà á wọkọ̀ wá sí Ìtòkú, á fi ọwọ́ rẹ̀ pa aṣọ, á tú u wò, á tún gbé e síta lọ wò ó lójú oòrùn. Lóde òní, oníbàárà wa wà ní Èkó, ó wà ní Àbújá, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ojú fóònù ló ti ń wo ọjà. Fọ́tò ti di ìsọ̀. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò bá dáa, bí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ mọ́rí ni. A gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ò ti gbà ni pé nọ́ńbà ńlá ló ń jẹ́ kí fọ́tò dáa.

Kí ni wọ́n ń pè ní mẹ́gápíksẹ́lì ná? Gbogbo fọ́tò inú kámẹ́rà ayé òde òní, ẹyọ àmì tíntìntín ló kóra jọ dì í, bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣe ń kóra jọ di adé. Ẹyọ kan ni píksẹ́lì. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni mẹ́gápíksẹ́lì kan. Kámẹ́rà wa ti tẹ́lẹ̀ ní 12, ìyẹn ni pé ó to ẹyọ 4,000 ní ìbú, ó to 3,000 ní òró. Èyí tí wọ́n fẹ́ rà ní 24, ìyẹn ni 6,000 ní ìbú, 4,000 ní òró. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ pé ó di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, ìbú rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì, òró rẹ̀ kò dé bẹ̀ rárá. Àwa tí à ń wọn aṣọ tà lójoojúmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá tàn wá jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí fọ́tò wa ń lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni.

Ọ̀nà kìíní ni fóònù oníbàárà. WhatsApp la fi ń ránṣẹ́ jù. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó tó gbé e lọ, kí ó má baà jẹ dátà. Ní 2023 wọ́n fi HD sí i, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí náà ṣì ń dín fọ́tò kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò dé bó ṣe wà gan-an, àfi kó fi ránṣẹ́ bíi document. Nítorí náà, ẹ̀yin á ya 24, WhatsApp á gé e mọ́ yín lọ́wọ́, oníbàárà á wá wò ó lórí gíláàsì tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Àwọn atẹ̀wé máa ń fẹ́ kí ẹyọ 300 wà nínú ínṣì kan kí fọ́tò tó dán. Fọ́tò tó bá fẹ̀ ní ínṣì 4, tó ga ní ínṣì 3, ẹyọ 1,200 ní ọ̀nà 900 ló ń béèrè. Mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ nìyẹn. Mílíọ̀nù 12 wà nílẹ̀!

Ọ̀nà kẹta ni almanáàkì ìparí ọdún. Ìbí yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé ó tóbi. Ṣùgbọ́n almanáàkì, ara ògiri ló ń gbé, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹyọ 150 nínú ínṣì kan ti tó fún irú rẹ̀. Ẹ pín 4,000 sí ọ̀nà 150, ó lé ní ínṣì 26. Àbí almanáàkì wo la fẹ́ tẹ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni. Tí a bá pe onífọ́tò tó ní kámẹ́rà ńlá, tí a sanwó ọjọ́ kan fún un, iṣẹ́ á parí, òun náà á rówó gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń dùn wá gan-an. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ dé ọ̀hún, aṣọ pa dà. Wọ́n ní búlúù tí àwọn rí nínú fọ́tò kọ́ nìyí. Owó ẹrù àlọ, owó ẹrù àbọ̀, ọrùn rẹ̀ ló já lé. Nígbà tí a wádìí, alẹ́ ni wọ́n ya fọ́tò yẹn, abẹ́ gílóòbù pupa-pupa ni wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ǹjẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 24 ì bá yọ obìnrin yìí? Rárá o. Á kàn jẹ́ kí irọ́ náà hàn kedere sí i ni.

Ẹlú kì í ṣe búlúù kan ṣoṣo. Àdìrẹ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀mejì kò rí bí èyí tí a rì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ gílóòbù, á pupa. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ agboòrùn pupa tàbí tapólì búlúù tó bo ìsọ̀ yín, àwọ̀ agboòrùn àti tapólì á ràn án. Ẹ tẹ́ ẹ sí oòrùn ọ̀sán gangan, á ṣì bí aṣọ tó ti gbó. Ibi tó dára jù ni ibòji tí ó mọ́lẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn tàbí fèrèsé tí oòrùn kò ti wọlé tààrà, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ pa gílóòbù, kí ìmọ́lẹ̀ oríṣi méjì má baà jà lórí aṣọ. Ètò kan sì wà nínú kámẹ́rà, àní nínú èyí tí a ní, tí wọ́n ń pè ní white balance. Ẹ fi bébà funfun hàn án níbi tí ẹ fẹ́ ya aṣọ sí, á mọ ohun tó ń jẹ́ funfun níbẹ̀, gbogbo àwọ̀ yòókù á sì bọ́ sípò. Ọ̀fẹ́ ni. Owó kankan kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, gíláàsì fóònù kan kò rí bí èkejì. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu tì í: aró dúdú ni, rírì mẹ́fà ni, ọ̀pá mélòó ni, ó máa ṣí díẹ̀ ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Oníbàárà tí ẹ bá ti sọ òótọ́ fún kì í dá aṣọ pa dà.

Kí ẹ sì máa ya aṣọ kan ní fọ́tò mẹ́ta. Ọ̀kan fún gbogbo ìró náà, kí wọ́n rí bó ṣe rí. Ọ̀kan láti itòsí, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀kan fún ẹ̀yìn aṣọ àti etí rẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀: tí ẹ bá dúró lókèèrè ya á, kámẹ́rà yòówù kó jẹ́, òpó yẹn á di ìlà lásán. Tí ẹ bá sún mọ́ ọn, kámẹ́rà kékeré wa yìí á mú ìlà ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi fa ẹ̀kọ sí i jáde. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ gbé. Lásìkò tí ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun kún ọjà yìí, fọ́tò itòsí àti fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ṣe tiwa.

A kò ní í fi ojúsàájú sọ ọ́ o. Kámẹ́rà ńlá ní oore tirẹ̀. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ fẹ̀ gan-an. Nínú àwọn kan, ó fẹ̀ tó fíìmù tí à ń lò láyé àtijọ́, mìlímítà 36 sí 24, ti fóònù sì kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ríran níbi tó ṣókùnkùn. Bákan náà, léèsì àti aṣọ tí wọ́n hun wẹ́wẹ́ máa ń mú ìlà bí omi tó ń ru wá nínú fọ́tò nígbà mìíràn, nọ́ńbà tó bá pọ̀ sì máa ń dín in kù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, tàbí tí ẹ yí aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlà yẹn sábà máa ń lọ.

Nọ́ńbà kì í tán. Steven Sasson ti Kodak ní Amẹ́ríkà ló ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ tó ṣeé gbé ní 1975. Ẹyọ 10,000 péré ló ní, dúdú àti funfun ló ń yà, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì fi ń kó fọ́tò kan sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lónìí fóònù ọmọ iléèwé ti fi í sílẹ̀ jìnnà réré. Kodak fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀, lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ gbèsè ní oṣù kìíní ọdún 2012. Tí ilé iṣẹ́ ńlá bá sáré títí tó rẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ aláṣọ ni yóò wá lé nọ́ńbà bá? Tí a bá ra 24 lọ́dún yìí, wọ́n á ní 45 ló kù.

Ìbéèrè kan tún wà tí ẹnìkankan kò dáhùn ní ìpàdé: kámẹ́rà olówó ńlá yìí, ta ni yóò máa gbé e sùn? Ta ni yóò máa gba eruku ọyẹ́ lára rẹ̀? Kámẹ́rà tí à ń yọ lẹ́ǹsì rẹ̀, eruku máa ń wọ inú rẹ̀ lọ. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ńkọ́, ṣé ẹgbẹ́ ni yóò san án àbí òun? Ẹ má gbàgbé pé àpò tí wọ́n fẹ́ tú yìí náà la fi ń ran aláìsàn lọ́wọ́, òun náà la fi ń gbé ẹni tí iná bá jó ìsọ̀ rẹ̀ dìde. Tí àpò bá ṣófo, tí aburú bá dé, a ò lè gbé fọ́tò fún aláìsàn kó fi ra oògùn.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí ẹgbẹ́ ra igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé, kí ọwọ́ má baà máa gbọ̀n. Kí á ra aṣọ funfun àti aṣọ eérú tí a ó máa ta sẹ́yìn ọjà. Kí á ya igun kan sọ́tọ̀ lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ya aṣọ wá máa yà á níbẹ̀. Kí á san owó fún onífọ́tò kan kó kọ́ ọmọbìnrin mẹ́rin nínú àwọn ọmọ wa, kí àwọn náà kọ́ àwa àgbà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Lẹ́yìn ọdún kan, ká ka iye aṣọ tó pa dà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dára, tí òótọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ wa, tí kámẹ́rà kékeré bá ṣì wá ń dí wa lọ́wọ́, tàbí tí ilé iṣẹ́ kan bá ní òun fẹ́ fọ́tò ńlá láti fi tẹ ìwé ọjà, àwa tí à ń kọ èyí ni a ó kọ́kọ́ nawọ́ pé kí á ra á. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kámẹ́rà kọ́ ló ń ṣe wá. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó nawọ́ ní ìpàdé. Ẹ sì tètè dé o, nítorí ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wá kùn lẹ́yìn.

Ajé á bá wa gbé o.