Kì í Ṣe Ilé-iṣẹ́ Òkèèrè Ló Lé Ebi Kúrò ní Vietnam

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn: pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti òkèèrè ló gba Vietnam là. Wọ́n á ní ẹ wo Samsung, ẹ wo bàtà Nike; kí ìjọba ṣáà ti gba olówó àjèjì láyè, ìṣẹ́ á parí. Irọ́ ni. Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò jẹ́ kí irọ́ náà ó fìdí múlẹ̀.

Ní 1986, owó ọjà ní Vietnam fò sókè ju ìdá 700 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Orílẹ̀-èdè tí odò Mekong ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá tún ń ra ìrẹsì láti òkèèrè jẹ. Kí ló fà á? Oko àjùmọ̀ṣe ni. Ní àríwá, agogo á lù, gbogbo abúlé á jáde. Akọ̀wé á kọ máàkì oníkálukú sínú ìwé, máàkì yìí ni wọ́n sì fi ń pín ìrẹsì nígbà ìkórè. Ẹni tó làágùn àti ẹni tó kàn gbé ọkọ́ léjìká, ọgbọọgba ni máàkì wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kù fún àwọn ìdílé, bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n fi gbin ewébẹ̀. Ẹ wá wo bí ilẹ̀ kékeré yẹn ṣe ń so! Àwọn àgbẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Kim Ngoc, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múnísítì ní ìpínlẹ̀ Vinh Phuc, ti rí èyí láti 1966. Ó pín oko fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Truong Chinh, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́, bá a wí ní gbangba, wọ́n sì dá ètò náà dúró. Kim Ngoc kú ní 1979. Truong Chinh yìí kan náà ló wá di olórí ẹgbẹ́ ní 1986, tó sì ti àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Doi Moi lẹ́yìn gbágbáágbá. Mo yìn ín: àgbà tó yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà ní ojú ayé ṣọ̀wọ́n.

Ebi ṣì pa àríwá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1988. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ẹgbẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n fi oko lé ìdílé lọ́wọ́ fún ọdún 15. Ìjọba ló ṣì ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló ni èrè. Nígbà tó di 1989, Vietnam ti ta ìrẹsì tó ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ sókè òkun.

Níbo ni Samsung wà nígbà náà? Ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ fóònù wọn ní Bac Ninh bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Amẹ́ríkà gan-an, 1994 ló tó jáwọ́ nínú òfin tó fi ká Vietnam lọ́wọ́ kò. Nínú 100 èèyàn, 58 ni tálákà ní 1993. Ní 1998, kí ilé-iṣẹ́ fóònù náà tó dé, ó ti wálẹ̀ sí 37.

N kò sọ pé ilé-iṣẹ́ òkèèrè kò ṣe Vietnam lóore. Òfin tó gbà wọ́n láyè jáde ní ìparí 1987, wọ́n sì ti fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ti yó ni wọ́n wá bá. Ẹni tó bá fẹ́ fi Vietnam ṣe àpẹẹrẹ fún wa, kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin 1988, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Samsung.