Ọlọ́jà, ẹ má fi owó ìsọ̀ ra mọ́tò tíà rọ́bà

Bí ọjà bá ti ń tà díẹ̀ fún èèyàn ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹyẹrúnkà, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ìyàwó á ní ó ti sú òun láti máa fún ọmọ mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn Micra láràárọ̀, ọkọ á ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ti ra tiwọn, àwọn ọmọ náà á ní ti bàbá lágbájá ní ẹ̀rọ amúlétutù. N kò ní pè é ní ìgbéraga o. Ẹni tó ń lọ kó ọjà, tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, tó tún gbọ́dọ̀ dé ibi òkú àna rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò wúlò fún un. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, ṣé tuntun ni kó rà, àbí tòkunbọ̀, àbí èyí tí ẹnì kan ti lò nílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀?

Èrò tèmi ni pé tòkunbọ̀ ni kí ọlọ́jà kékeré rà. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ju pé owó rẹ̀ dínkù lọ, nítorí tòkunbọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé kí oṣù mẹ́fà tó pé, mẹkáníìkì á ti di ẹni tí ẹ ń rí ju àwọn oníbàárà yín lọ.

Àwọn àgbà ṣì máa ń sọ̀rọ̀ nípa ayé Udoji. Lọ́dún 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó lọ́dún kan náà, Leyland sì wà níbí n'Ìbàdàn tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì. Nígbà náà, tíṣà àti akọ̀wé ìjọba lè yá owó níbi iṣẹ́ láti ra Ìjàpá tuntun, kí wọ́n sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Títí di ọdún 1985, náírà ṣì lágbára ju dọ́là lọ. Ìgbà tí ìjọba Babangida gbé SAP dé lọ́dún 1986 ni náírà já wálẹ̀, tí mọ́tò tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò lókèèrè. Ibẹ̀ ni àwọn àlòkù òkè òkun, tí àwọn kan kọ́kọ́ ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù kí orúkọ wọn tó di tòkunbọ̀, ti gba ìgboro. Micra tó kún Mápó lónìí yìí gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣòro kí ẹ tó rí èyí tó dé Ìbàdàn ní tuntun nínú wọn.

Ìjọba kò fi ìgbà kan gbádùn ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ yìí. Ètò tí ìjọba Jonathan gbé kalẹ̀ lọ́dún 2013 láti mú kí wọ́n máa ṣe mọ́tò nílé sọ owó tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tuntun tó ń bọ̀ láti òkè òkun di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, wọ́n tún ní mọ́tò kankan kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, ìyẹn ni pé kí àwọn tó ń gbé e láti Kútọnu jáwọ́. Òfin ìṣúná ọdún 2020 wá dín díẹ̀ kù nínú owó náà. Ẹni tó bá rò pé àwọn òfin yìí á mú kí mọ́tò tuntun sún mọ́ ọlọ́jà Ọjà'ba, kó lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta Corolla tuntun. Bí ọ̀nà kan bá ti dí, àfi kí iye tí a ń rà á gòkè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn mọ́tò tuntun ná, kí wọ́n má baà ní mo ṣe ojúsàájú. Ẹni tó ra tuntun mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fi rì sómi rí, iléeṣẹ́ tó tà á fún un á sì tún un ṣe láàrin àkókò kan láìgba owó. Innoson tó ń ṣe mọ́tò ní Nnewi náà ti jẹ́ kí tuntun wà tí kò ti òkè òkun wá. Bó bá jẹ́ pé mọ́tò náà ló ń pa owó, bíi ti onílé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì máa kó ọmọ, ọ̀rọ̀ tuntun lè bọ́ sí i.

Ti ẹbí yàtọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n máa ń ṣírò ni pé mọ́tò tuntun lè pàdánù bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ láàrin ọdún kan péré. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ́hùn-ún ló jẹ àdánù yẹn. Nígbà tí mọ́tò náà bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ibi tó ti ń jábọ́ bí òkúta ti kọjá, díẹ̀díẹ̀ ló kù tó ń dínkù. Ìdí tí mo fi gbè sẹ́yìn tòkunbọ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan á ní irọ́ ni, mọ́tò kì í dínkù ní Nàìjíríà. Mo mọ ohun tó ń rí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi bẹ̀rẹ̀, ó ti kọjá ₦1,000, ó sì tún fò kọjá ₦1,500. Ẹni tó ti ra mọ́tò ṣáájú ìgbà yẹn lè tà á ju iye tó rà á lọ, kó sì máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó fi owó náà ra irú rẹ̀ padà. Náírà ló kéré sí i, mọ́tò kò níye lórí sí i. Ọjà tó wà nínú ìsọ̀ yín náà gbówó lórí nígbà náà, ó sì ṣeé tà láàárọ̀ ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ojú títì wa náà tún wà níbẹ̀. Àdúgbò Mápó ti wà tipẹ́ kí mọ́tò tó pọ̀. Gbọ̀ngàn Mápó fúnra rẹ̀, 1929 ni wọ́n ṣí i. Agbo ilé tí mọ́tò kò lè wọ̀ kò lóǹkà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ títì ni mọ́tò ń sùn. Mọ́tò tuntun tó bá sun ibẹ̀ fún oṣù kan, ọ̀kadà àti Micra á ti bá a kọ ilà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àlòkù ilé, èyí tí ọmọ Nàìjíríà ti lò. Òun ló rọjú jù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Lọ́dún 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọjà àlòkù mọ́tò. Ohun tó rí ni pé ẹni tó ń tà á mọ àléébù mọ́tò rẹ̀, ẹni tó ń rà á kò mọ̀ ọ́n. Nítorí pé olùrà ń bẹ̀rù, kò ní fẹ́ san owó gidi. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dára kò sì ní gbà láti ta á lówó pọ́ọ́kú, á gbé e padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò dára á ṣe pọ̀ lọ́jà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001. Bóyá Akerlof kò mọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wá. Bí ẹ bá máa ra àlòkù ilé, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ilé àti ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, ẹni tí ẹ mọ mẹkáníìkì tó ń bá a tún un ṣe.

Tòkunbọ̀ náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Wọ́n ń yí nọ́ńbà tó ń ka ìrìn mọ́tò padà. Wọ́n ń kun èyí tó ti forí sọlẹ̀ kó lè jọ fáàsì bọ́dì. Lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005 àti Harvey lọ́dún 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò ló rì sínú omi ní Amẹ́ríkà, irú wọn kì í sì í gbẹ̀yìn sí ọ̀hún. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi wà lára rẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà VIN, ẹyọ 17 ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, J jẹ́ Japan. Lára èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹyọ kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Ọlọ́jà mọ́tò tó ní 2011 ni, tí ẹ wá bá 8 níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ máa bá a sọ.

Ìwé owó ibodè kò ṣeé fi ṣeré. Lọ́dún 2019, àwọn aṣọ́bodè lọ ti ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò pa káàkiri ìlú púpọ̀ nítorí owó tí wọ́n ní wọn ò san. Bí wọ́n bá dá yín dúró lójú títì tí ìwé kò pé, ẹ̀yin lẹ máa fẹsẹ̀ rìn délé, kì í ṣe ẹni tó tà á. Ẹ fún mẹkáníìkì tiyín lówó kó bá yín lọ wò ó, kó má jẹ́ mẹkáníìkì olùtà. Kó wà á gun òkè Mápó pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú rẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ níhà Bẹẹrẹ. Gíà tó ti ń kú lọ kò ní lè fi ara pamọ́ lórí òkè yẹn, bírékì náà kò ní lè purọ́.

Èwo ni kí ẹ rà? Èyí tí páàtì rẹ̀ wà ní ọjà Aráròmí ní Agodi Gate, tí mẹkáníìkì àdúgbò sì mọ̀ tinú-tòde. Ìdí nìyẹn tí Corolla fi pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fẹ́ràn Sienna torí pé ó ń gba èèyàn méje, bí wọ́n bá sì yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó di ọkọ̀ ẹrù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ńlá ló wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, jálá epo kan kò tó ₦200. Ní ìparí ọdún 2024, ó ti wà ní nǹkan bí ₦1,000. Bí kì í bá ṣe pé ẹrù ń wọ inú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Sienna á máa mu èrè yín.

Wàyí o, owó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ti ń kú nìyí. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ọjà tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ mílíọ̀nù 12, ẹ wá yọ mílíọ̀nù 8 níbẹ̀ láti ra tòkunbọ̀. Bí ẹ bá ń jèrè ìdá 10 lórí ọjà, tí ọjà náà sì ń yípo lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjìméjì, mílíọ̀nù 8 yẹn ì bá mú ₦800,000 wá nígbà mẹ́fà lọ́dún. Mílíọ̀nù 4 àti ₦800,000 nìyẹn. Mọ́tò tí ẹ pè ní mílíọ̀nù 8 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di mílíọ̀nù 13 lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra epo tàbí táyà. Oníbàárà tó bá dé tí kò bá ohun tó ń wá nínú ìsọ̀ á kọjá sí ìsọ̀ kejì, ó sì lè má padà mọ́. Ẹ tún wá ro iye tí tuntun máa fà jáde.

Ẹ̀yáwó báńkì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báńkì tó ń yá èèyàn lówó á sì fi tiẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yá mílíọ̀nù 10 ní èlé ìdá 30, mílíọ̀nù 3 ni èlé ọdún kan bí ojú owó kò bá tíì dínkù, ìyẹn ₦250,000 lóṣù. Mọ́tò tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé kò ní bá yín san kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Èrè ni kí ẹ fi ra mọ́tò. Ẹ máa ju díẹ̀ sínú àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, níbi tí ọwọ́ yín kò ti ní yá dé e. Nígbà tó bá pé, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ sórí mọ́tò. Bí owó yín bá jẹ́ mílíọ̀nù 8, ẹ wá èyí tí kò ju mílíọ̀nù 6 àtààbọ̀ lọ, kí ìyókù wà fún ìwé, ìbánigbófò, táyà àti ohun tí mẹkáníìkì máa bá nínú rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, torí kò sí bí kò ṣe ní bá nǹkan. Ẹ má sì rà á nígbà tí ọjà ọdún ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí Iléyá tàbí Kérésìmesì kọjá, kí ẹ ti kó ọjà mìíràn sínú ìsọ̀, kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.